Òkìtì Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

"Ẹ sọ fún mi, Màmá Jóòbù. Irú olè wo ló ń jí bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan?"

Déolú, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú òkìtì sílípáàsì tó ga dé àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí bí onílé tó wọlé bá àlejò tí kò mọ̀ rí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kan nínú òkìtì náà. Búlúù ni o, pupa ni o, aláwọ̀ ewé ni o, ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wọn, bí ìgbà tí àwọn sójà ń yan lójú títì, tí ọ̀gá wọn pariwo "òsì!" tán, tó wá sùn lọ.

Màmá Jóòbù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

"Bóyá ẹlẹ́sẹ̀ kan ni olè náà," ló wí.

"Mà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹnu mi ló máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo. Ẹ má bínú."

Olúfọlákẹ́ ni orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ bàtà yìí ní Ògbà, ní Èkó, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é. Òun ló ń gba òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń pín wọn sídìí ẹ̀rọ, òun náà ló ń parí ìjà wọn. Ó ti lọ́mọ-ọmọ, ó sì ti sanra débi pé bó bá dìde nínú ọ́fíìsì rẹ̀, àga á tẹ̀ lé e lọ díẹ̀ kó tó rántí pé ilé òun kọ́ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ káàkiri, kí ẹlòmíràn má baà kọ́kọ́ sọ ọ́.

Iṣẹ́ ilé náà kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta ń tẹ bàtà ẹsẹ̀ òsì, mẹ́ta ń tẹ ti ọ̀tún. Ẹ̀rọ ló ń lóyún bàtà, ẹni tó jókòó tì í ni agbẹ̀bí: òun ni yóò ṣí i, tí yóò fa bàtà gbígbóná jáde, tí yóò fi abẹ gé etí tó yọ lára rẹ̀, tí yóò sì tún ti ẹ̀rọ pa. Bí agbẹ̀bí bá dìde lọ, ẹ̀rọ á dúró, ọmọ á sì wà nínú. Lẹ́yìn náà ni àwọn màmá tó wà láàárín ilé á fi okùn so òsì mọ́ ọ̀tún, wọ́n á kó wọn sínú páálí.

Lásìkò Sáàpù yìí, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú máa ṣọ́wó ná, sílípáàsì ń tà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Náírà ti di ìyẹ́ adìẹ. Àwọn tí kì í wọ nǹkan mìíràn ju bàtà Ítálì lọ tẹ́lẹ̀ ti ń wọ́ sílípáàsì lọ sí báńkì ní Allen. Ìdí nìyẹn tí Déolú, tó gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba rẹ̀, Olóyè Olúgbénró, fi ní kí Màmá Jóòbù gba ọ̀dọ́ mẹ́ta kún àwọn àgbà tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Màmá Jóòbù gbà wọ́n. Ó fi àwọn àgbà sídìí ẹ̀rọ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Ó fi àwọn ọmọ náà, Ayọ̀tọ́lá, Simbiat àti Rótìmí, sídìí ẹ̀rọ ọ̀tún, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ooru àti eruku pọ̀ sí. Ara ọmọdé gbà á.

"Àwọn oníbàárà wa láti Ìbàdàn ń gbé ọkọ̀ bọ̀ ní Sátidé," ni Déolú wí. "Bí wọn ò bá bá bàtà ní méjì-méjì, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń lọ yẹn. Màmá, bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí a ò tíì mọ ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mì, àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn á máa lọ sílé. Ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti ń bàjẹ́, àwọn ló sì dé kẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ náà dé bá Màmá Jóòbù fúnra rẹ̀. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kiri Ìfàkò wá àwọn ọmọ náà. Ìyá Ayọ̀tọ́lá, ọ̀kan nínú wọn, tíṣà ni, ará Èkìtì. Owó oṣù àwọn tíṣà kò dé déédéé mọ́, ọwọ́ ọmọbìnrin yìí sì ni gbogbo ilé ń wò kí wọ́n tó dáná. Ọjọ́ tí Màmá Jóòbù lọ gbà á, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ bá mi mójú tó o, mà." Màmá Jóòbù sì ti là á mọ́lẹ̀ pé, "Bí ọmọ tí mo bí ni." Ojú wo ni òun yóò fi dá a padà fún un?

Ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọ. Bàbá Suara ni olórí wọn. Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe mánéjà nílé náà ni ó ti wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì lè pe Màmá Jóòbù ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Màmá Fàúsát jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì, ó ń fi abẹ gé etí bàtà bí ẹni ń hó iṣu.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oòò, Fọlákẹ́. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ó ń ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún?"

Bàbá Suara wo Màmá Fàúsát, Màmá Fàúsát wo Bàbá Suara.

"Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ní ìdí," ni Màmá Fàúsát dáhùn. "Wọn ò ní ìdí tí wọ́n fi ń jókòó, mo wí i tán. Ìwọ wo ọ̀hún. Ìgbà wo lo wò ó tó o bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni Bàbá Suara gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Nígbà tiwa, bó o bá jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, o ti jókòó nìyẹn. Ti ìsinsìnyí, àfi bí ẹni pé èèrùn wà lórí àga wọn. Wọ́n ṣáà ń lọ, wọ́n ṣáà ń bọ̀. Rótìmí! Ìwọ Rótìmí! Wá lọ bá mi bu omi tútù lọ́dọ̀ Làsísì ní géètì. Kó o fọ ife náà dáadáa o! Ẹn-ẹ́n, kí ni mo ń sọ?"

"Ẹ ní wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, sà."

"Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀! Èmi ò tíì rí irú rẹ̀ rí."

Màmá Jóòbù bojú wo ẹnu ọ̀nà. Lóòótọ́ ni, àga Rótìmí ṣófo. Ó mi orí, ó ní nínú ara rẹ̀ pé àgbà ò purọ́.

Bó ti kúrò níbẹ̀, ó kọjá sí ẹnu géètì lọ bá Làsísì, adènà tó ń yẹ ara gbogbo ènìyàn wò kí wọ́n tó lọ sílé.

"Làsísì, ṣé ò ń yẹ̀ wọ́n wò dáadáa?"

"Háà, mà! Mo ń yẹ àpò, mo ń yẹ fìlà, mo ń yẹ abọ́ oúnjẹ. Ti àwọn obìnrin nìkan ni mi ò lè yẹ̀ débi tó yẹ."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó o yẹ̀ ẹ́ débẹ̀. Ọkọ wọn á gé ọwọ́ yẹn."

Làsísì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ríran, mà. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ò yé kọjá níbí. Bí wọ́n bá ń lọ, ọwọ́ wọn á ṣófo. Bí wọ́n bá ń bọ̀, gúgúrú á wà lọ́wọ́ ọ̀kan, obì lọ́wọ́ èkejì, ẹ̀kẹta á gbé àkàrà."

"Gúgúrú!" Màmá Jóòbù pàtẹ́wọ́. "Ọ̀fun! Ọ̀fun ló ń pa àwọn ọmọ yìí! Mo ti rí i!"

Ó pe Ayọ̀tọ́lá jáde sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pàápàá.

"Dìde. Ayọ̀tọ́lá, ṣé ebi ń pa yín ni?"

"Rárá, mà."

"Ta wá ló ń jẹ gúgúrú tó báyìí? Ìwọ ni?"

"Mi kì í jẹ gúgúrú, mà. Ó máa ń há mi léyín."

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Ó ń yà mí lẹ́nu ni, mo fẹ́ mọ̀. Kí ló ń gbé yín kúrò nídìí ẹ̀rọ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gá máa ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Omi lé ròrò sójú Ayọ̀tọ́lá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. "Mo gbọ́, mà. Kò sí nǹkan tí mo lè sọ ni."

Màmá Jóòbù jẹ́ kó máa lọ, ó dúró lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ó ń họ orí. Ọmọ náà kò sọ pé òun ò mọ̀ o. Ó ní kò sí nǹkan tí òun lè sọ ni. Ta ni ọmọ yìí ń bò? Ọ̀rọ̀ náà ń gún un lára bí ẹ̀gún tó wọ ẹsẹ̀ tí èèyàn ò tíì rí orí rẹ̀. Kó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pinnu pé ojú ara òun ni òun yóò fi wò ó.

Lọ́jọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Màmá Jóòbù ti wọlé, ó ti lọ sá sẹ́yìn òkìtì bàtà. Ó ká páálí kan sílẹ̀, ó jókòó lé e. Orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ, ó sì bá a wí pé kó dákẹ́, pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni àwọn wá ṣe. Ó yọ sílípáàsì kan kúrò láàárín òkìtì, ihò kékeré kan ṣí sílẹ̀, ó wá fi ojú kan wòta níbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohun tó kọ́kọ́ ya Màmá Jóòbù lẹ́nu ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ náà yá ju ti àwọn àgbà lọ. Kí Bàbá Suara tó gbé ẹyọ bàtà kan jáde, Ayọ̀tọ́lá ti gbé tirẹ̀, ó ti gé etí rẹ̀, ó ti jù ú sí apẹ̀rẹ̀. Simbiat náà ń sáré. Rótìmí ń kọrin sí i. Bó bá rí báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló yẹ kó di òkìtì!

Ẹnìkan ní kí Simbiat wá bá òun wọ abẹ́rẹ́ lókùn. Ẹlòmíràn ní kí Rótìmí lọ sọ fún alákàrà pé ti àná iyọ̀ pọ̀. Màmá Jóòbù gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ. Ojú tó ń wá olè, báwo ni yóò ṣe rí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́? Apẹ̀rẹ̀ ọ̀tún ló tẹjú mọ́, ó ń dúró de ẹni tí yóò fi ọwọ́ ba a. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Awò ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Kò rò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ ti là:

"Ayọ̀tọ́láááá! Lọ bá mi mú awò ojú mi wá!"

Gbogbo ilé gbọ́ pé òkìtì bàtà sọ̀rọ̀. Màmá Fàúsát ju abẹ nù. "Lá ìláhà ìlàlláhù! Bàtà ń pe èèyàn!" Ṣùgbọ́n Ayọ̀tọ́lá kò dúró béèrè bóyá bàtà ni tàbí iwin. Ó ti dáhùn, "Ẹ̀ẹ́n, mà!", ó ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ti sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ẹ̀rọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sì dúró.

Màmá Jóòbù wo ẹ̀rọ tó dúró. Ó wo àga tó ṣófo. Ó fi ọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan olóró kan ń gbé ibẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ó di òkìtì mú, òkìtì náà kò sì fẹ́ràn irú ẹrù bẹ́ẹ̀: ó dà wó lé e lórí, láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa hú u jáde, ó ti ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè mí.

"Mo ti mú un! Mo ti mú olè!"

"Ta ni?" ni wọ́n ń bèèrè. "Ta ni, Màmá Jóòbù?"

Ó wo ojú wọn yíká, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí bàtà mi ná. Nínú gbogbo èyí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

Ó jókòó sí gbangba láàárín ilé láti ìgbà náà, awò ojú rẹ̀ lójú. Àfi bí ẹni tí wọ́n bó nǹkan kúrò lójú fún. Simbiat, lọ ra obì. Rótìmí, bá mi sún àga yìí kúrò nínú oòrùn. Ayọ̀tọ́lá, wo ẹ̀yìn mi, kí ló ń rìn níbẹ̀ yẹn? Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló súnmọ́ ìta, àwọn ló kéré jù, àwọn ni wọ́n ń rán. Kò sí àgbà kan tó mọ̀ pé òun ń rán wọn pọ̀. Oníkálùkù ní ìwọ̀nba tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, Déolú wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, Bàbá Suara tó gbé e jó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ sì gbójú sókè.

"Déolú! Ọmọ Olúgbénró! O káre. Bá mi gbé àga ẹ̀gbẹ́ rẹ yẹn wá."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbé àga náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí, ó sì kọjá lọ. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wọlé, ó ti gbàgbé rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Màmá Jóòbù tún pe Ayọ̀tọ́lá sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Títí kan èmi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yín ló ń dá yín dúró?"

Ọmọ náà fi ìka yí etí aṣọ rẹ̀. "Mà, nígbà tá a kọ́kọ́ dé, wọn kì í rán wa. Wọ́n á dìde fúnra wọn, wọ́n á gba ara wa kọjá bí ẹni tí kò rí èèyàn. Simbiat máa ń sunkún tá a bá ń lọ sílé. Ọjọ́ tí Bàbá Suara kọ́kọ́ rán mi lómi, wọ́n mu ún tán, wọ́n ní, 'O ṣeun, ọmọ mi.' Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa di abẹ mú tí kò fi ní gé mi lọ́wọ́ mọ́." Ó tú etí aṣọ náà sílẹ̀. "Tá a bá ní kí wọ́n má rán wa mọ́, mà, àlejò la tún padà dà yẹn."

Màmá Jóòbù bá a gbọn eruku èjìká rẹ̀ nù, ó ní kó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ti ń gba òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì tíì rò ó báyìí rí.

Nírọ̀lẹ́, Déolú pè é.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ti mú olè."

"Mo ti mú un. Ṣùgbọ́n kí n tó dárúkọ, ta ló gbé àga fún Bàbá Suara láàárọ̀?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e?"

"Wọ́n rán mi ni nà." Déolú ti ń ṣí fáìlì kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Háà."

"Ẹn-ẹ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wa. Èmi ni mo tilẹ̀ ń rán tèmi jù."

Déolú rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i, ojú náà ti le. "A jẹ́ pé kì í ṣe àwọn ọmọ. Àwọn àgbà yẹn ló yẹ kó máa lọ sinmi nílé."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí mi, ọ̀gá. Èmi ni mo fi ọmọdé sẹ́nu ọ̀nà tí mo fi àgbà síbi atẹ́gùn. Bí ẹ bá lé Bàbá Suara, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní iṣẹ́? Bí ẹ bá lé àwọn ọmọ, ta ló máa yára?"

"Ẹ ṣe òfin nígbà náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán ọmọdé níṣẹ́."

"Bí mo bá lẹ̀ ẹ́, Bàbá Suara á rán ọmọdé kan kó lọ bá òun kà á wá."

Déolú jókòó padà. "Ọ̀la ni Jímọ̀, Màmá. Mi ò lè yí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìbàdàn padà."

"Ẹ fún mi di ọ̀sán."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ n lọ bá orúnkún mi jíròrò, torí òun ló máa jẹ ìyà rẹ̀."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Màmá Jóòbù wọlé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì àkọ́bí rẹ̀, ó gbá ìró mọ́dìí, ó gbé agbọ̀n ọjà kọ́ apá. Ó pàtẹ́wọ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Àwọn ọmọ mẹ́ta yìí, mo ti rán wọn níṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ni mo rán wọn, wọn ò sì tíì jẹ́ ẹ tán. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí àgbà kan bá ti rán, àgbà mìíràn kì í dá a padà lọ́nà." Ó wo àwọn ọmọ náà kí wọ́n lè mọ̀ pé bí wọ́n bá jókòó, wọn kò rí ẹnikẹ́ni fín. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò ní ṣàì wà. Nítorí náà, èmi ni kẹ́ ẹ máa rán. Omi ni, obì ni, àkàrà ni, èmi rèé."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, Màmá Fàúsát gbàgbé, ó ní, "Simbi..." Màmá Jóòbù ti dúró níwájú rẹ̀.

"Kí ni kí n bá ọ rà?"

"Ta ló fẹ́ rán ọ, ìwọ tí ìdí rẹ tó odó? Kó o tó dé, ilẹ̀ á ti ṣú."

"Sáà rán mi wò."

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni mọ́! Ẹnu mi ló ń yún mi." Màmá Fàúsát fìbínú fa bàtà kan yọ, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó tún la ẹnu fún ìgbà pípẹ́. Àwọn màmá tó ń so bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ òsì nínú òkìtì, nítorí ọ̀tún ti ń dé bí òjò.

Ìgbà náà ni Bàbá Suara gbé abẹ sílẹ̀.

"Fọlákẹ́."

"Ẹ̀ẹ́n, sà."

"Ṣé mo jù ọ́ lọ, àbí mi ò jù ọ́ lọ?"

"Ẹ jù mí lọ, sà. Ẹ ti ń fá irùngbọ̀n nígbà tí wọ́n bí mi."

"Ó dáa. Lọ bá mi ra obì. Olójú mẹ́rin ni kó o mú wá o, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Màmá Jóòbù kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó dìde, ó gbé agbọ̀n, ó sì jáde.

Oòrùn ti mú. Ìdí ọjà olóbì jìnnà sí géètì ju bó ti rò lọ. Ó ti ń rán ọmọ níbẹ̀ tipẹ́, kò sì tíì rìn ín rí. Làsísì rí i, ẹnu rẹ̀ là. "Mà, ẹ̀yin tìkara yín? Ta ló rán yín?"

"Àgbà ló rán mi. Kúrò lọ́nà."

Bó ti ń lọ, tí eruku ń bá kánfáàsì Jóòbù jà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bí Bàbá Suara bá ń rán òun bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ńkọ́? Bí gbogbo wọn bá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún padà sórí àwọn ọmọ? Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún ń ṣe é, kò sì mọ orúkọ rẹ̀ títí ó fi dé iwájú olóbì. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé, "Lọ bá mi ra nǹkan wá." Ẹni tó ń rán an ti tán láyé, lójú tirẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀nà, obì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílé. Ọ̀rọ̀ Ayọ̀tọ́lá wá yé e dé eegun.

Nígbà tó padà dé, ó dúró níta ẹnu ọ̀nà ná, ó dẹtí. Ẹ̀rọ ọ̀tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń hó. Ó yọjú. Ẹ̀rọ Bàbá Suara nìkan ló dákẹ́. Bàbá Suara kò sí lórí àga rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn Ayọ̀tọ́lá, ó di ife omi mú, ó ń gbé e sí ọmọ náà lẹ́nu, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kúrò lára iṣẹ́. Ayọ̀tọ́lá ń ja ìjàkadì láti kúnlẹ̀.

"Jókòó!" ni Bàbá Suara ń wí. "Ta ló ní kó o dìde? Ṣé wọn ò rán ọ níṣẹ́ ni?"

Màmá Jóòbù wọlé, ó kúnlẹ̀, ó na obì sí i. Bàbá Suara gbà á, ó wò ó yípo.

"Kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí? Ọmọ ìsinsìnyí ò mọ iṣẹ́ jẹ́ rárá."

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi kò tún rán ọ mọ́. Ọ̀fun mi á ti gbẹ kó o tó dé." Ó pa obì náà, ó fún un ní ojú kan, ó fún Màmá Fàúsát ní ọ̀kan, ó sì rọra fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ Ayọ̀tọ́lá. Lẹ́yìn náà, ó padà sórí àga rẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n. Déolú wọlé. Ó wo òkìtì náà. Kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ mọ́. Ó wo páálí tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bàtà inú wọn ní méjì-méjì. Ó wo àwọn ọmọ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó gbójú sókè nínú wọn.

"Màmá Jóòbù," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè dé ní ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé," ni Màmá Jóòbù tún wí, kó lè dá a lójú. Ẹyọ omijé kan bọ́ sórí sílípáàsì pupa tó wà lọ́wọ́ Ayọ̀tọ́lá. Ó nù ún kúrò, ó gé etí bàtà náà, ó jù ú sí apẹ̀rẹ̀.

"Déolú!" ni Bàbá Suara kígbe láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó wo Màmá Jóòbù, ó pa ẹnu dé.

"Ẹ rán an, sà," ni Màmá Jóòbù wí. "Nínú gbogbo ilé yìí, ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló ṣófo."

Déolú ń rẹ́rìn-ín bó ti ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Màmá Jóòbù ti kọjá lọ sí ọ́fíìsì. Ó gbé àga rẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi ooru àti eruku, ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tó tún dìde láti lọ bu omi fún wọn, àga náà tẹ̀ lé e.